Àbúrò Tí Òtútù Gbé Wá

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́bí. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kó o ti ilẹ̀kùn, torí òtútù kún inú ìtàn tí mo gbé dání lónìí, ẹ má jẹ́ kí ti ìta tún wá kún un. Ẹ fún màmá ẹ̀yìn yẹn láyè kó na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin, kó máa bá mi gbè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa mi orí, ìyẹn náà á ṣe. Ìtàn ìfẹ́ ni o. Inú mi ń dùn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú aṣọ ìnujú dání.

Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ bírìkìlà. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, nítorí náà Olùkọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan bàbá tó bí i, pàápàá tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà kan dé tí wọ́n ń wá ẹni tó máa lọ sí òkèèrè, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣiṣẹ́ tí àwọn ọmọ wọn ò sì gbọ́ èdè ilé mọ́, kó lọ fi ìgbà òtútù kan kọ́ wọn. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Wọ́n á fún un ní yàrá, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Olùkọ́ ní òun á lọ.

“Lọ́fẹ̀ẹ́?” ni bàbá ẹ̀ wí. “O fẹ́ lọ máa gbọ̀n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́? Tó bá jẹ́ òtútù lò ń wá, ṣebí àgbá omi tí mo fi ń po símẹ́ǹtì wà lẹ́yìnkùlé, bọ́ sínú ẹ̀.”

“Bàbá, ìgbà òtútù kan péré ni.”

“Tó bá parí ńkọ́?”

“Mo ń bọ̀ nílé.”

“Fẹnu ẹ sọ ọ́ dáadáa kí n gbọ́.”

“Tó bá ti parí, mo ń bọ̀ nílé, Bàbá mi.”

Bí bírìkìlà yẹn ṣe rí nìyẹn. Ẹ lè kọ ohun tó wù yín sínú ìwé, kò kàn án. Ohun téèyàn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ lójú ẹ̀ ló máa ń dì mú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Olùkọ́ débẹ̀, ó rí òtútù. Ẹ̀yin ọmọ, ó rí i! Yàrá tí wọ́n fi ṣe kíláàsì wà lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan. Ojú ọ̀run á dúdú láti àárọ̀ bí ìdí ìkòkò, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí ọ̀sán tó tán. Yìnyín á máa já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n, funfun báláú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ èèyàn àti táyà ọkọ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ di ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kí ara wọn lójú títì. Gbogbo wọn ló gbé ọrùn sínú kọ́ọ̀tù bí ìjàpá.

Alágbàfọ̀ tó ni ìsàlẹ̀ ilé náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wa tó ti pẹ́ níbẹ̀, obìnrin tó sanra, tó lẹ́rìn-ín. Tó bá tan ẹ̀rọ ìfọṣọ ẹ̀, ilẹ̀ kíláàsì á máa mì, pátákó ìkọ̀wé á máa gbọ̀n jìgìjìgì.

“Òtútù ń mú pátákó ẹ,” ni Alágbàfọ̀ máa ń wí. Ó wá wo ẹsẹ̀ Olùkọ́ lọ́jọ́ kan. “Ó ń mú ìwọ náà. Irú bàtà wo rèé? Ẹnu ẹ̀ là bíi pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.”

Bàtà tó wọ̀ wá láti ilé ni lóòótọ́, yìnyín sì ti là á ní gìgísẹ̀. Alágbàfọ̀ júwe aránbàtà kan fún un ní igun títì. Bí ìtàn ìfẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù aránbàtà ò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti awọ. Ọkùnrin gíga kan tó tẹ̀ díẹ̀ léjìká jókòó síbẹ̀, ó fi ètè di ìṣó kéékèèké mú, ó ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn wọ́n mọ́ bàtà. Ó fọwọ́ júwe àga fún Olùkọ́. Olùkọ́ jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan láìsí bàtà, òtútù ń jẹ ẹ́, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́nu, orin tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ẹ̀yà ara.

Ọkùnrin náà tú gbogbo ìṣó ẹnu ẹ̀ sọ́wọ́.

“Èdè yẹn,” ló fi èdè ibẹ̀ wí, “èdè màmá mi ni.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ‘wá jẹun’. Mo gbọ́ ‘dákẹ́’. Mo sì gbọ́ èébú díẹ̀.”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní oyún òun ni màmá òun gbé débẹ̀, pé kò fi èdè ilé bá òun sọ̀rọ̀ rí, torí kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun ṣe ẹlẹ́yà níléèwé. Ṣùgbọ́n àìsàn ìgbàgbé ti mú màmá náà báyìí. Èdè ibẹ̀ tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ti ṣí kúrò lẹ́nu ẹ̀ bí ọ̀dà ara ògiri. Èdè ilé nìkan ló kù.

“Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Nǹkan kan wà tó ń béèrè lọ́wọ́ mi. Mo gbé omi wá, omi kọ́. Mo gbé aṣọ wá, aṣọ kọ́. Á bú sẹ́kún. Kì í jẹun dáadáa mọ́.” Ó wo bàtà ọwọ́ ẹ̀. “Ṣé ẹ lè kọ́ mi kó tó pẹ́ jù?”

Ẹ sọ fún mi, ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí á sọ pé rárá?

Bí Aránbàtà ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, láàárín àwọn ọmọdé, tí orúnkún ẹ̀ ń kọlu tábìlì, tí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ahọ́n ẹ̀. Olùkọ́ ní ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni: eré ni. Òun á ṣe ìyá, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe ọmọ. “Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lẹ fẹ́? Ibo ló ń dùn yín?” Aránbàtà ń kọ́ ọ bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jóná. Kí yìnyín kejì tó bo ilẹ̀, ó ti mọ ohun tí màmá ẹ̀ ń béèrè.

“Ó ní kí n ṣílẹ̀kùn,” ló sọ fún Olùkọ́. “‘Ṣílẹ̀kùn fún un.’ Mo ń ṣí i, atẹ́gùn ló ń wọlé, kò sẹ́nì kankan níta. Á tún ní kí n ṣí i. Fún ta ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbọ́ ọ.”

Olùkọ́ tẹ̀ lé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yìnyín wà léjìká ẹ̀, ó fi ìborùn wé orí. Aránbàtà ṣí ilẹ̀kùn. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kéré nínú àga, ó dà bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Abọ́ ìrẹsì wà níwájú ẹ̀, ó ti tutù. Ó gbójú sókè, gbogbo ojú náà sì ṣí.

“Àbúrò mi! Wọ́n ti ṣí i fún ẹ?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Olùkọ́ sọ, àánú ló sì fi sọ ọ́. Òun tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe eré ìyá àti ọmọ ní kíláàsì, eré tún yọ sí i lẹ́nu.

“Wọ́n ti ṣí i, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi nìyí.”

“Jókòó. Òtútù ti pa ẹ́. O ti jẹun?” Màmá bu ìrẹsì, ó nà án sí i lẹ́nu, ó tún bu òmíràn, ó jẹ òun náà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́, ó wá ń kọ orin tí òun àti àbúrò ẹ̀ máa ń kọ tí wọ́n bá ń ṣeré lọ́mọdé:

*Àbúrò mi dà o?*
*Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.*
*Kí ló ń ṣe níbẹ̀?*
*Ó ń retí kí n ṣí i.*
*Ṣí i, ṣí i, kó wọlé,*
*Oúnjẹ ti ń tutù lọ.*

Aránbàtà kọjú sí ògiri. Nígbà tó sin Olùkọ́ dé ìsàlẹ̀, ó bi í pé, “Ta lo sọ pé o jẹ́?”

“Àbúrò wọn.”

“Àbúrò màmá mi ti kú. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n pè wá láti ilé.”

“Ẹ máà bínú, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀…”

“Má bẹ̀ mí.” Omi dúró sójú ẹ̀, òtútù ò jẹ́ kó bọ́. “Ó jẹun.”

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀sán tí Olùkọ́ kì í débẹ̀. Tí Àbúrò bá wà, Màmá á jẹun. Tí kò bá tíì dé, Màmá á ti abọ́ sẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ Aránbàtà á sìn ín dé kíláàsì, àwọn méjèèjì á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ó bá a tún bàtà ṣe lẹ́ẹ̀mejì tí kò bàjẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Olùkọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá irun àgùntàn nínú ẹ̀, ó ti tẹ́ ẹ dé ìka ẹsẹ̀, ó móoru bí ọwọ́ èèyàn. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọkàn Olùkọ́ kì í sinmi. Tó bá dùbúlẹ̀ nínú yàrá tútù yẹn, á máa bi ara ẹ̀ pé: ṣé èmi ni ọkùnrin yìí ń wò ni, àbí ẹni tó ń bá a fún màmá ẹ̀ lóúnjẹ? Tí Màmá ò bá sí, ṣé á mọ̀ pé mo wà?

Ní ọjọ́ kan, Alágbàfọ̀ gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ, ó jókòó sórí tábìlì ọmọdé, tábìlì náà dún.

“Olùkọ́, wò mí lẹ́nu. Wọ́n rán mi. Aránbàtà ní kí n bá òun bi ẹ́ bóyá o lè fẹ́ òun.”

Olùkọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. “Kí ló dé tí kò fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́?”

“Ó ní o ò tíì kọ́ òun débẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ ìfọṣọ fi parí iṣẹ́ nísàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Aránbàtà sọ ọ́ fúnra ẹ̀ lábẹ́ iná títì, ó ń wo bàtà Olùkọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. “Mo fẹ́ kí o máa gbé lọ́dọ̀ mi. Kó o má tún lọ mọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?”

“Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kọ́ nìyẹn,” ni Olùkọ́ wí, “ṣùgbọ́n mo gbọ́.”

Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ níbí o, kí ayọ̀ tó tán. Torí ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sọ́dọ̀ Màmá, wọ́n rò pé ó ti sùn lórí àga, Aránbàtà bá di Olùkọ́ lọ́wọ́ mú. Màmá la ojú.

“Ìwọ ọmọ yìí! Ọwọ́ ta lo dì mú yẹn?”

“Màmá…”

“Àbúrò èmi ìyá rẹ! Ẹni tó yẹ kó o máa pè ní ìyá! Ojú ẹ fọ́ ni?” Ó ju ife tíì, ó fọ́ mọ́ ògiri. Ó wá yíjú sí Olùkọ́, ìyẹn ló dùn ún jù. “Ìwọ náà! Pẹ̀lú ọmọ tí mo bí!”

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ara wọn mọ́. Á gbé àga ẹ̀ sáàárín, á máa wo ọ̀tún, á máa wo òsì bí ọlọ́pàá. Àwọn ọjọ́ kan á gbàgbé ohun tó ń ṣọ́, ṣùgbọ́n kò ní dìde kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Olùkọ́ ròyìn ẹ̀ fún Alágbàfọ̀, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ó wá rí ojú Olùkọ́.

“Dárí jì mí. Kò pani lẹ́rìn-ín.”

Olùkọ́ pe bàbá ẹ̀ lórí fóònù. Ó rò ó fún un láti orí dé ìdí. Bírìkìlà mú fóònù kúrò létí, ó tún gbé e padà.

“Ṣé òtútù ti dé ọpọlọ ẹ ni? Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìwọ lo kọ́ ọ lọ́rọ̀, kí ló máa bá mi sọ? Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dìde?”

“Bàbá, èèyàn dáadáa ni.”

“Ìyá ẹ̀ ńkọ́? Kí ló wí?”

“Wọ́n ní… wọ́n rò pé àbúrò wọn ni mí.”

“Ẹn-ẹn. O máa fi ìgbà èwe ẹ tọ́jú ìyá oníyàá, ìyá náà ò sì ní mọ̀ pé ìyàwó ọmọ òun ni ẹ́. Gbọ́ mi. Mi ò fi ọmọ mi sílé tí ìyá ilé ò ti fẹ́ ẹ. Jẹ́ kí obìnrin yẹn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé kẹ́ ẹ fẹ́ ara yín. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, èmi náà á sọ ọ́. Tí kò bá sọ ọ́ kí òtútù yẹn tó parí, ìwọ náà rántí ohun tó o fẹnu ẹ sọ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ di pé kí Màmá sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu tí kò mọ ọjọ́ òní!

Alágbàfọ̀ ní kí wọ́n kàn tàn án: kí Olùkọ́ yí ìborùn padà, kó wọlé bí àlejò. Aránbàtà ní irọ́ kan ti tó, òtítọ́ lòun máa sọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú màmá ẹ̀.

“Màmá, ẹ gbọ́ mi. Àbúrò yín kọ́ nìyí. Olùkọ́ mi ni. Òun ni mo fẹ́ fẹ́.”

“Àbúrò mi wá dà?”

“Wọ́n ti kú, Màmá. Ó ti pẹ́ gan-an.”

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ikú tó ti pẹ́ fún gbogbo ayé, òní yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ lójú Màmá. Ó figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi kan ògiri. “Mo tì í mọ́ta!” ló ń wí. “Mo tì í mọ́ta, ó ń kan ilẹ̀kùn!” Ẹnu ẹkún yẹn ni Olùkọ́ ti gbọ́ ìyókù: pé àbúrò náà mú ọkùnrin kan wálé, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan, pé Màmá ní kó yan ọ̀kan nínú òun àti ọkùnrin náà, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àbúrò kàn án títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Wọn ò rí ara wọn mọ́.

Màmá sunkún títí ó fi sùn. Nígbà tó jí ní ìrọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ ṣì wú. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. “Ta ló ń sunkún nílé yìí?” Ó wá wò yíká. “Àbúrò mi dà?”

Aránbàtà la ẹnu. Ó fẹ́ tún un sọ. Olùkọ́ rí i lójú ẹ̀ pé á sọ ọ́ lọ́la, á sọ ọ́ lọ́túnla, á fi ọkàn màmá ẹ̀ tàfàlà kí òun má bàa lọ. Òru iyèméjì wọ̀nyẹn, ìdáhùn wọn rèé. Òun ni ọkùnrin náà ń wò. Ó sì mọ ìdáhùn náà lọ́jọ́ tí kò lè gbà á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo Aránbàtà lẹ́nu.

“Má tún pa á fún wọn lẹ́ẹ̀kejì,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó yíjú sí Màmá. “Èmi nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá jẹun.”

Ọ̀rọ̀ tó fi bọ́ Màmá yẹn ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Láti etí òrùlé, omi ń kán tó, tó, tó, ó ń dún bí ẹni tó ń ka ọjọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kọrin ìdágbére fún Olùkọ́, wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún. Àárọ̀ ìrìnàjò, ó ní òun ò ní dé ọ̀dọ̀ Màmá, ara òun ò ní gbà á.

“Wàá lọ láì dágbére?” ni Alágbàfọ̀ wí. “Kó tún máa wo ilẹ̀kùn? Ó yá, mo ń bá ẹ lọ.”

Wọ́n lọ. Aránbàtà gbé báàgì Olùkọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú kọ́ọ̀tù ńlá, fìlà wà lórí ẹ̀, kò lè wọlé, kò lè padà.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Olùkọ́ wí, “mo wá dágbére.”

Màmá wo báàgì. Ó wo ọkùnrin tó gbé e. Ó wò ó pẹ́.

“Òun nìyẹn?”

“Ta ni, Ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ọkùnrin ẹ. Èyí tó o fẹ́ tìtorí ẹ̀ fi mí sílẹ̀.”

Aránbàtà wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn dúró síbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ó ṣí fìlà. “Màmá, èmi ni.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé. Mi ò tì yín mọ́ta mọ́.”

Olùkọ́ rí ọ̀rọ̀ náà létè Aránbàtà: ọmọ yín ni mí. Kò fọwọ́ bò ó lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi í sílẹ̀ fún un. Aránbàtà wo ojú màmá ẹ̀, ó wá ara ẹ̀ níbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?” ni Màmá bi í.

“Mò ń rán bàtà, mà.”

“Ó dáa. Ṣé o máa ń na obìnrin?”

“Rárá, mà.”

“Ahọ́n ẹ wúwo. Ta ló kọ́ ẹ ní èdè wa?”

“Àbúrò yín ni, mà.”

Màmá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nílé yẹn. “Ó gbìyànjú.” Ó mú ọwọ́ Olùkọ́, ó gbé e lé ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fi tiẹ̀ bò ó lókè, ọwọ́ gbígbẹ bí ewé. “Ẹ fẹ́ ara yín. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Inú ló bí mi nígbà yẹn, mi ò ní ọgbọ́n.” Ó wá rántí nǹkan. “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè?”

Alágbàfọ̀ ti fi gèlè bojú lẹ́yìn wọn.

“Wọ́n wà láàyè, mà.”

“Ó tọ́ ẹ dáadáa. Bá mi kí i.”

“Màá bá yín kí wọn, mà.”

Láti ibùdókọ̀ ni wọ́n ti pe bírìkìlà. Alágbàfọ̀ já fóònù gbà. “Bàbá, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ!”

“Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ òun ni?” ni bírìkìlà bi.

Alágbàfọ̀ ń wá irọ́ tó máa pa. Aránbàtà gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

“Rárá, sà,” ló wí pẹ̀lú ahọ́n wúwo yẹn. “Wọn ò mọ̀ mí mọ́. Mi ò lè parọ́ fún yín.”

Olùkọ́ fi etí sún mọ́ fóònù. “Ọmọ mi kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ dáadáa,” ni bírìkìlà wí. “Jẹ́ kó wá fojú kàn mí, bó ṣe ṣèlérí. Lẹ́yìn náà màá dá a padà fún ẹ. Mo ti fẹnu mi sọ ọ́.”

Olùkọ́ lọ sílé. Ní gbogbo ìgbà tí kò fi sí níbẹ̀, Màmá ò tún pe Aránbàtà lọ́mọ mọ́, kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ àbúrò òun ló ń pè é. Tí Aránbàtà bá ń fún un lóúnjẹ, Màmá á ní, “Mo ní ọmọkùnrin kan o. Ó wà níbi iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, kò kàn gbọ́ èdè mi. Ó máa ń wù mí kí n bá a sọ̀rọ̀.” Aránbàtà á ní, “Ẹ sọ ọ́ fún mi, mà, màá bá yín sọ fún un.” Màmá á wá máa sọ ọ́, gbogbo ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ, ọmọ náà á jókòó síbẹ̀, á máa gbọ́ ọ lódindi.

“Kò dùn ẹ́?” ni Olùkọ́ bi í lórí fóònù.

“Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun.”

Nígbà tí yìnyín tún bẹ̀rẹ̀, Olùkọ́ padà dé pẹ̀lú bàtà onírun àgùntàn yẹn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fọwọ́ síwèé ní kóòtù lọ́wọ́ àárọ̀, wọ́n sì wá jẹun ní kíláàsì lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ pa ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ọbẹ̀ má bàa dà nù. Àwọn ọmọ kíláàsì wá, àwọn òbí wọn wá. Ìrẹsì ń rú èéfín, ẹran wà, búrẹ́dì wà. Wọ́n gbé Màmá sáàárín, kò jókòó síbẹ̀ láti ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ti dínkù, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá dá orin, ó ń gbè é. Ẹ gbè é, ẹ̀yin náà:

*Àbúrò mi dà o?*
*Ó ti wọlé, ó ti wọlé.*
*Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?*
*Èmi náà ni, èmi náà ni.*
*Ẹ bù ú wá, ẹ bù ú wá,*
*Oúnjẹ ò tíì tutù.*

Màmá jẹ tiẹ̀ tán. Ó na ìka sí ọkọ ìyàwó, ó ní kó sún mọ́ òun. Ó fẹ́ rántí nǹkan kan, ó wá a, ó wá a, ó rí i.

“Ṣé o bá mi kí ìyá rẹ?”

“Mo bá yín kí wọn, mà.”

“Kí ló wí?”

Aránbàtà mú aṣọ, ó nu ìrẹsì kan kúrò ní igun ẹnu ẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.

“Wọ́n ní àwọn ti jẹun, mà. Wọ́n ní àwọn yó.”

“Ó dáa,” ni Màmá wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo àwọn tó wá ló yó lọ́jọ́ náà, títí kan ọmọ tó kéré jù. Wọ́n wọ kọ́ọ̀tù, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú yìnyín, wọ́n ń kọrin lọ sílé wọn. Ẹ̀yin náà, abọ́ yín ti mọ́, orin ti tán lẹ́nu mi. Ẹ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tó bá kẹ́yìn, kó má ti ilẹ̀kùn gbọin.